Etí Kì Í Ṣe Fún Ọ̀rọ̀ Gbígbọ́ Nìkan: Bí Inú Etí Ṣe Ń Mú Wa Dúró, Àti Ohun Tí Ń Fa Òòyì

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí etí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ adití nìkan ni a fẹ́ sọ. Etí ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Òun ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ kí a lè dúró, kí a lè rìn, kí a sì lè yí orí padà láì ṣubú. Nígbà tí iṣẹ́ kejì yìí bá bàjẹ́, òòyì ni ó máa ń tẹ̀ lé e.

Òòyì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní abúlé. Ẹni tí òòyì bá kọ́ lórí ọ̀pẹ lè já bọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ létí kànga lè kó sínú rẹ̀. Ìyá arúgbó tí ó bá ṣubú lóru lè fi egungun itan ṣẹ́, kí ó má sì lè dá rìn mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí a kò bá mọ ìdí àìsàn, a máa ń wá ẹnìkan tí a ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Báyìí ni òòyì ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹbí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń jẹ́ òòyì.

ÌRÁNṢẸ́ MẸ́TA TÍ Ń JÍṢẸ́ FÚN ỌPỌLỌ

Ẹ wo obìnrin tí ó ń ti ibi omi bọ̀. Ilẹ̀ wa ga, omi jìnnà, ọ̀nà sì gùn. Ó gbé òṣùká lé orí, ó gbé omi lé òṣùká, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Òkúta wà lójú ọ̀nà, gbòǹgbò igi wà níbẹ̀. Síbẹ̀ omi kò dànù. Ta ni ó ń sọ fún un pé, "Ara ti tẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ padà sí òsì"?

Ẹ tún wo ẹni tí ó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ère igi wà lórí rẹ̀, aṣọ bo ojú rẹ̀, inú aṣọ náà ni ó ti ń yọ ojú wo ìta. Ṣaworo irin wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí onílù bá yí ìlù padà, òun náà a yí padà bírí, a sì dúró gbọn-in. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìlù ni a gbọ́, ijó ni a rí. Ohun tí a kò rí ni iṣẹ́ tí inú etí oníjó ń ṣe.

Ọpọlọ wa dà bí ọba. Ọba kì í jáde kúrò láàfin. Ìròyìn ni wọ́n ń mú wá fún un. Ìránṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń mú ìròyìn ìdúró àti ìrìn wá fún ọpọlọ.

Ìránṣẹ́ kìíní ni ojú. Ojú ń sọ pé, "Igi yẹn dúró lóòró, ilẹ̀ yìí tẹ́jú."

Ìránṣẹ́ kejì ni ẹsẹ̀, oríkèé àti iṣan ara. Wọ́n ń sọ pé, "Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ru ìwúwo jù báyìí. Orúnkún ti tẹ̀ díẹ̀."

Ìránṣẹ́ kẹta ni inú etí. Òun ń sọ pé, "Orí ti yí. Orí ti tẹ̀. Ara ń lọ síwájú. Ara ń lọ sókè."

Bí ìròyìn àwọn mẹ́ta bá bá ara mu, ọba a pàṣẹ fún ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ojú, gbogbo nǹkan a sì lọ déédéé. Bí ọ̀kan bá ń sọ ohun tí àwọn yòókù kò sọ, ọkàn ọba a dàrú. Ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni a ń pè ní òòyì.

BÍ INÚ ETÍ ṢE RÍ

Etí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Etí ìta ni èyí tí a ń rí, tí a ń fi yẹtí sí, pẹ̀lú ihò rẹ̀. Etí àárín wà lẹ́yìn awọ fẹ́lẹ́ kan tí ó dà bí awọ ìlù. Etí inú ni ó jìnnà jù. Inú egungun orí ni Ọlọ́run fi í pamọ́ sí, egungun náà sì le gan-an.

Etí inú kéré. Ó sì pín sí apá méjì. Apá kìíní ká bí ìkarahun ìgbín. Òun ni a fi ń gbọ́ràn. Apá kejì ni ti ìdúró ara, òun ni a sì fẹ́ wò dáadáa.

Nínú apá kejì yìí, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Omi kún inú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ibi tirẹ̀. Ẹ wo igun yàrá yín níbi tí ògiri méjì ti pàdé ilẹ̀: ògiri kan, ògiri kejì, àti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kọjú sí ara wọn. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí orí lè gbà yí tí ọ̀kan nínú wọn kò ní mọ̀. Bí ẹ bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀. Bí ẹ bá mi orí pé rárá, ó mọ̀. Bí ẹ bá tẹ orí sí èjìká, ó mọ̀.

Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ ọ́n? Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí wà níbẹ̀. Bí orí bá yí, omi inú ihò a lọ́ra, kò ní tètè tẹ̀ lé e. Omi náà a wá ti irun, irun a tẹ̀ bí koríko inú odò ṣe ń tẹ̀ nígbà tí omi bá ń ṣàn. Irun tí ó tẹ̀ ni ó ń rán iṣẹ́ gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ.

Lẹ́bàá àwọn ihò mẹ́ta yìí, àpò kékeré méjì wà. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, wọ́n kéré ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Irú ohun tí ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin adìyẹ jẹ́ ni àwọn òkúta náà jẹ́. Wọ́n jókòó sórí ohun yíyọ̀ kan tí ó dà bí ẹ̀kọ tútù, irun wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orí, ìwúwo òkúta a fà sí ìsàlẹ̀, irun a tẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra lójijì, òkúta a fà sẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí a mọ òkè àti ilẹ̀, kódà nínú òkùnkùn biribiri.

Ẹ DÁN AN WÒ NÍ KÍLÁÀSÌ

A kò fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán. Ẹ ṣe ohun mẹ́ta yìí.

Èkíní: ẹ bu omi sínú igbá, ẹ fi ègé koríko kan lé ojú omi. Ẹ yí igbá náà lẹ́ẹ̀kan kíá. Ẹ ó rí i pé igbá yí, ṣùgbọ́n koríko dúró sí ibi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni omi inú etí ṣe ń lọ́ra nígbà tí orí bá yí. Ẹ wá máa yí igbá náà lọ láì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ dá igbá dúró lójijì: omi kò dúró, ó ṣì ń yí. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọdé tí ń fi ara yí bírí-bírí nínú eré òṣùpá fi ń ṣubú nígbà tí wọ́n bá dúró. Ara ti dúró, omi inú etí kò tíì dúró. Ojú ní, "A ti dúró." Etí ní, "A ṣì ń yí."

Èkejì: ẹ di ìwé yìí mú síwájú yín. Ẹ má mì í. Ẹ máa mi orí yín sí ọ̀tún àti sí òsì kíákíá, kí ẹ sì máa kà á. Ẹ ó rí i pé ẹ ń rí ọ̀rọ̀ kà. Ẹ wá dá orí dúró, kí ẹ máa mi ìwé náà bí ẹ ti mi orí. Ọ̀rọ̀ a dàrú, ẹ kò ní lè kà á. Kí ni ó fà á? Nígbà tí orí ń mì, inú etí ń sọ fún ojú pé kí ó máa yí padà sí òdìkejì ní ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ni ó ń mì, etí kò ní ìròyìn kankan láti fún ojú. Láìsí iṣẹ́ yìí, gbogbo ìgbésẹ̀ tí a bá gbé ni ayé yóò máa fò sókè-sódò lójú wa.

Ẹ̀kẹta: kí ẹnìkan dúró lórí tìmùtìmù, kí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ó sì di ojú. Kí ẹlòmíràn dúró tì í kí ó má baà ṣubú. Ojú kò ríran mọ́, ilẹ̀ rírọ̀ sì ti tan ẹsẹ̀ jẹ. Inú etí nìkan ni ó kù tí ó mú un dúró. Ẹni tí inú etí rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní lè dúró bẹ́ẹ̀.

BÍ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ ṢE MỌ̀ Ọ́N

Ìmọ̀ yìí kò pẹ́ púpọ̀. Láàrin ọdún 1820 sí 1830, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ Pierre Flourens gé ihò kékeré inú etí ẹyẹlé. Ẹyẹlé náà kò di adití, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri, kò lè fò dáadáa mọ́.

Nígbà náà, bí òòyì bá kọ́ ènìyàn tí ó sì ṣubú, àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù a sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n a sì gbẹ́jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1861, Prosper Ménière, dókítà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní ìlú Paris, sọ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ti ọpọlọ wá, inú etí ni òmíràn ti ń wá.

Lẹ́yìn náà ni Robert Bárány, dókítà etí ní ìlú Vienna, ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ó bá fi omi tútù fọ etí aláìsàn, òòyì a kọ́ onítọ̀hún, ojú rẹ̀ a sì máa ta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí omi bá gbóná díẹ̀ ju ara lọ, ojú a ta sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Láti inú èyí ni ó ti mọ bí a ṣe lè yẹ inú etí wò. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Inú ẹ̀wọ̀n ogun ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni ó wà nígbà tí ìròyìn náà kàn án.

Àwa náà rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn tí a ń kán sí etí, ẹ kọ́kọ́ di ìgò rẹ̀ mú lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá tutù, òòyì lè kọ́ yín.

ÀWỌN ÀRÙN TÍ Ń BÁ INÚ ETÍ JÀ

1. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ó kúrò ní àyè rẹ̀. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Òkúta kékeré inú àpò a ṣí kúrò, a bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò mẹ́ta. Bí orí bá yí, òkúta a yí gbirigbiri nínú omi, ihò náà a sì rán ìròyìn èké lọ sí ọpọlọ. Àwọn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni ó sábà máa ń ṣe, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹni tí ó fi orí gbá nǹkan náà lè ní i.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá àgbà kan wà, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó wọlé. Kò pẹ́ tí ìyàwó dé ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ìyá láàárọ̀. Àwọn ará ilé ń wo ìyàwó ní ìwòkuwò. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára, wọ́n ní ó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìyàwó ń sunkún, ọkọ kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí yóò wà.

Òṣìṣẹ́ ìlera dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìnira. Ìgbà wo gan-an ni ilé máa ń yí?"

Ìyá ní, "Ìgbà tí mo bá yí sí ọwọ́ ọ̀tún lórí ẹní ni. Àti ìgbà tí mo bá gbójú sókè wo àká àgbàdo."

"Ṣé ó máa ń pẹ́, Ìyá?"

"Kò pẹ́. Kí n tó ké pe ènìyàn, ó ti lọ."

"Ṣé etí yín ń gbọ́ràn bí ti tẹ́lẹ̀?"

"Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ yìí, ó sì ń dùn mí."

Ìdáhùn mẹ́ta yìí tó fún òṣìṣẹ́ ìlera láti fura sí òkúta inú etí. Orí tí ó yí ni ó ń fa òòyì. Òòyì náà kì í tó ìṣẹ́jú kan. Etí kò di. Ìyàwó kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí kò tilẹ̀ wọlé rárá, òkúta ìbá ṣí.

Àrùn yìí ní ìtọ́jú tí kò ná ni lówó púpọ̀, kò sì gba oògùn. Dókítà John Epley ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò mú aláìsàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò yí orí rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí àrùn wà. Yóò dá a dùbúlẹ̀ kíá, kí orí rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Yóò dúró títí òòyì yóò fi lọ. Yóò yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò tún dúró. Yóò yí gbogbo ara sí ẹ̀gbẹ́ náà títí imú yóò fi kọjú sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò gbé e dìde jókòó. Báyìí ni òkúta ṣe ń yí padà sínú àpò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Àrùn náà lè padà wá, a ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò fúnra yín ní ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá fún ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn.

2. Iṣan etí tí ó wú. Èyí máa ń dé lójijì. Ayé a máa yí láti òwúrọ̀ di alẹ́, aláìsàn a máa bì, kò ní lè dìde. Etí rẹ̀ ń gbọ́ràn. Ó lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó rọlẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni a rò pé ó ń fà á. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé àrùn ọpọlọ lè fara jọ ọ́. Nígbà tí èébì bá ti dá, kí ó má ṣe sùn sílẹ̀ lọ títí. Kí ó dìde, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò dì í mú. Ọpọlọ a máa kọ́ láti lo etí kejì, ara a sì máa padà bọ̀ sípò láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

3. Àrùn Ménière. Orúkọ dókítà tí a dá lókè yìí ni wọ́n fi pè é. Omi inú etí ni ó máa ń pọ̀ jù. Òòyì rẹ̀ lè lo ogún ìṣẹ́jú títí dé wákàtí mélòó kan. Etí kan a máa hó, a máa wúwo bí ẹni pé nǹkan dí i, a sì máa di díẹ̀díẹ̀. A lọ, a tún padà wá. Ẹni tí ó bá ní i yẹ kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì rí dókítà etí.

4. Etí tí ń ṣọyún. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé etí ọmọ tí ń ṣọyún kò ju ohun tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ọyún lè jẹ egungun wọ etí inú. Ọmọ a di adití, òòyì a máa kọ́ ọ, àrùn lè ti ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, ìtọ̀, tàbí omi ewé sí i. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná ro ó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ìta rẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn dókítà ń pè ní méningite. Ní apá òkè Bẹ̀nẹ̀, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ni ó pọ̀ jù. Ọmọ tí ó bá bọ́ nínú rẹ̀ lè pàdánù etí méjèèjì. Àwọn òbí a rí i pé ọmọ tí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ kò lè rìn mọ́, tàbí pé kò lè gbé orí dúró. Wọ́n a sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ kò rọ rárá, inú etí ni ó bàjẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a tún kọ́ ìrìn nípa ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ sórí ẹní. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ jẹ́ kí ó máa rìn ní ojúmọmọ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó dá wọ odò: bí orí rẹ̀ bá wọ inú omi, ó lè má mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀.

6. Oògùn tí a lò láì bi dókítà. Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń pa àrùn, tí wọ́n sì lè pa irun wẹ́wẹ́ inú etí. Gentamicin jẹ́ ọ̀kan. Streptomycin, tí a fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ọdún púpọ̀, jẹ́ òmíràn. Quinine tí ó bá pọ̀ jù lára náà a máa mú kí etí hó, kí òòyì sì kọ́ ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n máa ń wọn ìwúwo aláìsàn, wọ́n á sì ka iye ọjọ́. Bí wọ́n bá fún yín níbẹ̀, ẹ má kọ̀ ọ́, nítorí pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà kì í wọn nǹkan kan. Irun inú etí tí ó bá ti kú kò tún hù mọ́.

Ẹni tí irú oògùn yìí bá ti ba etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ lè má sọ pé ayé ń yí. Ohun tí yóò sọ ni pé, "Nígbà tí mo bá ń rìn, ilẹ̀ ń fò sókè-sódò." Lóru, kò lè rìn rárá. Àwọn ènìyàn a sọ pé ó ti mutí yó, òun kò sì fi ẹnu kan ọtí. Ní ọdún 2017 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó ọjà oògùn Adjégounlè ní Dantokpa, ní Kútọnù. Ọjà ńlá lọ, ṣùgbọ́n oògùn inú agbọ̀n kò tíì tán lójú ọ̀nà abúlé. Aboyún gan-an gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: streptomycin lè ba etí ọmọ inú jẹ́.

7. Òòyì inú ọkọ̀. Èyí kì í ṣe àrùn. Ìránṣẹ́ ni ó ń jiyàn. Nínú ọkọ̀ tí ó kún, ojú ń wo ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó níwájú, ó ní, "A kò kúrò lójú kan." Etí ń gbọ́ kòtò àti gegele, ó ní, "A ń fò." Ọpọlọ dàrú, inú ru, èébì dé. Ẹ jókòó sí iwájú bí ẹ bá rí àyè. Ẹ máa wo ọ̀nà jíjìn. Ẹ má ṣe kàwé. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí ẹ má sì jẹun yó kọjá kí ẹ tó wọkọ̀.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÒÒYÌ NI Ó TI ETÍ WÁ

Bí ojú bá ṣókùnkùn nígbà tí a dìde lójijì, ó lè jẹ́ ebi, òùngbẹ, oòrùn oko, ibà, tàbí àìlẹ́jẹ̀ tó. Aboyún tí òòyì ń kọ́ gbọ́dọ̀ lọ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè fà á. Wárápá yàtọ̀ pátápátá: onítọ̀hún kì í mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà náà, ara rẹ̀ a sì máa gbọ̀n.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Bí òòyì bá dé tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára, tí ojú ń rí ohun kan ní méjì, tí orí ń fọ́ bí kò ti fọ́ rí, tàbí tí ènìyàn kò lè dúró rárá, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ wá ewé. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé ìwòsàn ní wàràwàrà ni. Bákan náà ni etí tí ó bá di lójijì: ọjọ́ díẹ̀ ni dókítà ní láti fi ràn án lọ́wọ́.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍNÚ ILÉ ÀTI NÍ OKO

Ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ gbé igbà kọ́rùn lọ sórí ọ̀pẹ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kò gbọdọ̀ gun alùpùpù. Kò gbọdọ̀ dá fa omi ní kànga tí kò ní ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ilẹ̀: kí ó ṣẹ́ àgbàdo, kí ó pa ẹ̀pà, kí ó bó ẹ̀gẹ́.

Fún àwọn àgbà wa, ẹ jẹ́ kí iná kékeré wà lóru, nítorí pé nígbà tí etí bá ti rẹ̀, ojú ni ó ń gbé e ró. Ẹ kó ọmọrí odó, àpótí àti àgbá kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fún wọn ní ọ̀pá. Kí wọ́n jókòó díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ẹ má sì ṣe sé wọn mọ́lé: ẹni tí ń rìn lójoojúmọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ń rántí ìrìn.

Bí ẹ bá ń lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ. Kí ni mo ń ṣe nígbà tí ó dé? Ó ti pẹ́ tó? Ṣé etí ń hó tàbí ó di? Oògùn wo ni mo ti lò? Ìwé kékeré yẹn lè ṣe ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára ilé ìwòsàn abúlé lọ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà etí wà ní ilé ìwòsàn CNHU ní Kútọnù.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ RÁNTÍ

Etí ní iṣẹ́ méjì: ó ń gbọ́ràn, ó sì ń mú ara dúró.
Ojú, ẹsẹ̀ àti etí ni ìránṣẹ́ ọpọlọ.
Òòyì tí kò tó ìṣẹ́jú kan, tí ó ń dé nígbà tí orí bá yí, sábà máa ń jẹ́ ti òkúta wẹ́wẹ́. Ó ní ìtọ́jú.
Abẹ́rẹ́ ọjà lè pa etí, etí tí ó kú bẹ́ẹ̀ kì í jí.
Kí a tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìdí tí òòyì fi ń kọ́ ọmọdé lẹ́yìn tí ó ti dúró?
2. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí ó ń sọ pé kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.
3. Bí o bá jẹ́ ọkọ nínú àpẹẹrẹ ìyá àgbà, kí ni ìwọ yóò sọ fún àwọn ará ilé?

Ẹ jíròrò lórí ìbéèrè kẹta yìí dáadáa kí ẹ tó pa ìwé dé. Ó dìgbà kan ná o.